Ìròyìn nípa Ìwà Ipá Abẹ́lé sí Ọkùnrin

Ìwà ipá abẹ́lé sí ọkùnrin ni kí aya tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ máa lù ú, kí ó máa halẹ̀ mọ́ ọn tàbí kí ó máa tàbùkù rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn, àti irú rẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Rivers ṣe ní 2020, dáàbò bo tọkùnrin tobìnrin.

Síbẹ̀, láti Port Harcourt títí dé Ìbàdàn, ikú ló sábà máa ń gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dé ojú ìwé ìròyìn. Ní oṣù Kọkànlá 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn sọ agbẹjọ́rò obìnrin kan sẹ́wọ̀n ọdún 7 nítorí ikú ọkọ rẹ̀. Oṣù náà gan-an ni wọ́n pa Bilyaminu Bello ní Àbújá. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún aya rẹ̀, Maryam Sanda. Ọ̀pọ̀ àkọlé ìròyìn tẹnu mọ́ ìbátan tó wà láàárín olóògbé àti alága ẹgbẹ́ PDP tẹ́lẹ̀ rí.

Ohun méjì ló fa èyí. Èkíní ni ìtìjú: ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ọkùnrin tó bá ní ìyàwó ń lu òun rín, ìròyìn rẹ̀ a sì di àwàdà. Èkejì ni ìwádìí: nínú ìwádìí NDHS ti 2018, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó ti ṣègbéyàwó rí ló ti fojú winá ìwà ipá ọkọ. Ìṣòro ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ni wọ́n bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìròyìn tó péye máa ń gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ń lù kí ó tó di òkú, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.