Ẹ̀hìngbẹ̀tì: Òpópó Tí Omi Fi Sílẹ̀

Títì ọlọ́dà tó so Savalou àti Bantè pọ̀ mọ́ Bassila àti Djougou gba ìlú wa Gouka kọjá. Ẹni tó bá rìn lẹ́bàá rẹ̀, tó sì fara balẹ̀ wòye, yóò rí i pé oríṣi ilé méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ kọjú sí agboolé. Ẹnu ọ̀nà wọn ń wo àgbàlá, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń dáná, tí àwọn àgbà sì ti ń gba atẹ́gùn. Àwọn ilé tuntun tí a fi búlọ́ọ̀kù àti páànù kọ́ kọjú sí títì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ibi tí ọjà ti ń bọ̀ ni ilé ìtajà máa ń kọjú sí. Ojú irin tí àwọn Faransé là láti Cotonou gba Dassa àti Savè kọjá, kò yà sọ́dọ̀ wa. Títì ló ń gbé iyọ̀ àti aṣọ wá fún wa, òun náà ló sì ń gbé gààrí àti kajú wa lọ. Bí títì yìí bá gba ibòmíràn lọ́la, kí ni gbogbo ilé tó kọjú sí i yóò máa wò?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí òpópó kan tí àwọn bàbá wa tó lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó mọ̀ dáadáa, ìyẹn Marina, tí àwọn ará Èkó àtijọ́ ń pè ní Ẹ̀hìngbẹ̀tì. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, pẹ̀lú ti Broad Street tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé òpópó méjèèjì jọ dàgbà ni, a kò sì lè sọ ti ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ ìlú náà di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò kò dúró de ìwé yẹn. Ilé iṣẹ́ O'Swald láti Hamburg ti wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kó owó ẹyọ láti ìhà Zanzibar wá ra epo pupa. Régis ará Marseille náà wà níbẹ̀, Régis kan náà tí àwọn ará Ouidah kò lè gbàgbé, nítorí pé òun ló wọ odi àtijọ́ àwọn Faransé ní ìlú wọn ní 1841 tó sì sọ ọ́ di ibùdó epo. Nítorí náà, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ìtàn Èkó jẹ́ ìtàn àwọn ará ìkejì ààlà nìkan. Àwọn oníṣòwò kan náà ló ń bá gbogbo etíkun wa ra epo.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ààfin ọba wà, ní apá àríwá erékùṣù náà. Àwọn àlejò kò kọ́lé síbẹ̀. Etí ọ̀sà ní apá gúúsù ni wọ́n yàn, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè súnmọ́ ilẹ̀. Nígbà tí Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, ń ṣe àkóso ìlú náà, a la àwọn òpópó, a sì mú wọn fẹ̀ sí i. Ilé tí àwọn oníṣòwò kọ́ sí Marina fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátá. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìkówèé. Òkè ni onílé ń gbé, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tó ń wo omi. Ẹ̀yìnkùlé ni àká ẹrù àti àwọn àgbá epo. Bí ènìyàn bá sọdá láti ẹnu ọ̀nà, yóò bá èbúté kékeré tí onílé fi igi kàn sínú ọ̀sà fúnra rẹ̀. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó lè ka iye àgbá tó ń wọ inú ọkọ̀. Ní tiwa, a kò mọ ilé mìíràn tó fi iṣẹ́ olówó rẹ̀ hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló kọ́lé síbẹ̀. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì ti Sierra Leone padà wálé, ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní òpópó méjèèjì. Ní ọdún 1859 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní Broad Street, nínú ilé kan tí a ń pè ní Cotton House, ilé òwú. Orúkọ yẹn nìkan tó ìtàn: òwò òwú ni a kọ́kọ́ ń retí níbẹ̀, kí ó tó di pé àwọn ọmọdé ń ka ìwé nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò kúrò ní àárín ìlú títí di ọdún 1959, nígbà tó kó lọ sí Bàrígà.

Àwọn Agùdà tó ti Brazil àti Cuba dé ni wọ́n mú ọwọ́ ìkọ́lé wá. Lázaro Borges da Silva wà lára àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti àwọn Kátólíìkì. João Baptista da Costa ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Bí ará Porto-Novo bá dúró níwájú mọ́ṣáláṣí náà, yóò rò pé òun kò tíì kúrò nílé, nítorí pé mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ti Àjàṣẹ́ náà fi ojú jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Irú ọwọ́ yẹn ló kọ́ ilé ìdílé Fernandez ní 1855, ní gbàgede Tinúbú, níbi tí Broad Street ti dé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni a lé Ìyáàfin Tinúbú fúnra rẹ̀ kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ilé yẹn ni a wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí Ilojo Bar. A óò padà sórí rẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà Èkó, nítorí òkìtì yanrìn tó dí ẹnu rẹ̀. Òkun ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré a sì máa gbé ẹrù kọjá nínú ìjì, tí ẹrù àti ẹ̀mí sì ń ṣòfò. Nígbà tí a to òkúta wọ inú òkun láti tún ẹnu ọ̀sà ṣe, tí ó fi di 1914 tí ọkọ̀ ńlá ń wọlé, ńṣe ló dà bíi pé oríire ńlá ló bá Marina. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń sáré láti Ìddó wá sí èbúté kọ́sítọ́ọ̀mù láti 1902. Ilé ìfowópamọ́ tí a mọ̀ lónìí sí First Bank ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó láti 1894, kò sì fi Marina sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú òpópó náà tóbi ló lé àwọn ọmọ ilẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá àti báǹkì a máa fẹ́ràn oníbàárà ńlá. Díẹ̀díẹ̀, ilé àwọn oníṣòwò Sàró bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù. Àwọn ará Jámánì pàápàá pàdánù tiwọn nínú ogun 1914. Ní 1929, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá méjì da ara wọn pọ̀ di UAC, tí ilé ìtajà Kingsway rẹ̀ lórí Marina di ibi tí ẹni tó lówó ti ń ra bàtà, tí ẹni tí kò ní sì ti ń wo fèrèsé. UTC wà nítòsí, John Holt wà, CFAO àti SCOA náà wà, àwọn méjì tí orúkọ wọn wà lára ògiri ní Cotonou, ní Porto-Novo àti ní àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá ojú irin lọ́dọ̀ tiwa.

Ní 1926 ni a ṣí èbúté Àpápá ní òdìkejì omi, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti lè dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà ni ìṣòwò Marina ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò tètè rí i. Ẹrù lọ sí Àpápá. Ìwé ẹrù dúró ní Marina. Àká di ọ́fíìsì. Ọkọ̀ ojú irin kékeré dákẹ́ ní 1933. Omi ṣì wà níbẹ̀, igi tí a gbìn sí etí rẹ̀ sì ń fún ènìyàn ní òjìji, ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ ni omi wà fún báyìí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ Katidírà Christ Church, tí Bagan Benjamin ya àwòrán rẹ̀. Láti 1924 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì parí rẹ̀ títí di 1946.

Lẹ́yìn òmìnira, ilé bẹ̀rẹ̀ sí ga. Ìwé CMS tí a ti ń tà ní igun Broad Street láti ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá gba ilé gogoro tuntun, Bookshop House, ní 1973. Lójú kan náà ni, òwò kan náà ni, ilé nìkan ló yí padà. Òfin 1972 sọ ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké di ti ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni a da yanrìn sínú ọ̀sà, tí a gé àwọn igi, tí a sì la títì ọkọ̀ ńlá síwájú Marina. Nígbà tí ilé NECOM alájà méjìlélọ́gbọ̀n parí ní 1979, òpópó tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe etí omi mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ṣe láti máa wo ọkọ̀ ojú omi ń wo ẹ̀yìn afárá. Iná jó NECOM ní 1983. Olú-ìlú kó lọ sí Abuja ní 1991, ọ̀pọ̀ báǹkì sì sọdá sí Victoria Island. Kingsway kò sí mọ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà láti Balógun ló tẹ́ aṣọ àti bàtà wọn sí iwájú àwọn ilé tí olówó wọn ti lọ, a kò sì rí i gẹ́gẹ́ bí ìbàjẹ́, bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Òwò ọmọ ilẹ̀ tí a lé kúrò ló padà wálé.

Ilojo Bar ńkọ́? Ìdílé Ọláìyá ra ilé Fernandez ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Òfin fi dé e pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò gbọdọ̀ wó, tí kò sì sí ẹni tó ń fún un ní iṣẹ́ ṣe, ẹrù ni lọ́rùn ẹni tó ni ín. Ògiri ń ṣá, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, a wó o lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi wé ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, níbi tí a ti ti Herbert Macaulay mọ́lé rí. Wọ́n ti wó ilé inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtiṣe ìrántí rẹ̀. Síbẹ̀, láti 2010, ó ti di Freedom Park, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ wo eré, tí wọ́n sì ti ń jẹun. Kò sí òfin ìrántí tó gbà á. Iṣẹ́ tuntun ló gbà á. Ní Porto-Novo, bákan náà ni a rí ilé Agùdà tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Da Silva, tó ṣì dúró, tí àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú wọn sì ń wó díẹ̀díẹ̀ nínú òjò.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Mile 2 wá sí Marina. Orí ilẹ̀ tí a dà sínú ọ̀sà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà. Láàárọ̀, èrò a tú jáde níbẹ̀, wọn a kọjú sí ìlú, wọn a sì máa rìn lọ sí ìhà Katidírà, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ elépo ti ń léfòó rí. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì ti kọjú sí ẹnu àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ náà.