Ìsún Ọpọlọ: Wíwá Orúkọ fún Iṣẹ́ Tí Kò Nílò Abẹ

Ní ọdún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kọ́ìlì kan lé orí ènìyàn, wọ́n tan iná sí i, ìka ọwọ́ onítọ̀hún sì ta fìrí láìjẹ́ pé òun ló gbé e. Abẹ kò kan agbárí rẹ̀, wáyà kò wọ inú rẹ̀. Iná tó sáré gba inú kọ́ìlì ló sọ ọ́ di òòfà fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Òòfà náà gba agbárí kọjá, ó sì dá iná kékeré mìíràn sílẹ̀ nínú ọpọlọ. Ìlànà tí Michael Faraday ṣàwárí ní 1831 ni, òun náà ló ń mú tiransifọ́mà àdúgbò ṣiṣẹ́. TMS ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí lónìí.

Ní 2000, Michael Nitsche àti Walter Paulus ní Göttingen, ní Jámánì, fi agbára ọ̀nà kejì hàn, èyí tó ń jẹ́ tDCS. Fóòmù méjì tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, bátìrì, àti iná tí kì í sábà ju mìlíámpù kan tàbí méjì lọ, ó tán. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú nọ́ńbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, àti ibi tó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí ẹnu fẹ́ sọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé Thomas Estate, ní Ajah, bá fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù, gbólóhùn tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé wọ́n ń fi iná sí ọpọlọ. Ìyá á figbe ta, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí pé iná mànàmáná tó bá kan ara ènìyàn, gbígbé ló ń gbé e. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà ti gbọ́ nípa ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ bá le fún, èyí tí Ugo Cerletti àti Lucio Bini bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní 1938. Iná ti ìyẹn máa ń tó nǹkan bí 800 mìlíámpù, gìrì ni wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ń mú aláìsàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn kùn ún lóorun. Ẹni tó jókòó sábẹ́ tDCS kò sùn, ó lè máa bá olùwádìí sọ̀rọ̀ lọ. Orúkọ kan ṣoṣo fún ohun méjèèjì, ìpalára ni.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe tuntun láàárín Yorùbá. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìkejì ní 1990. Ní 2021, Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí èdè Áfíríkà, àti àwọn alábàáṣe wọn kéde ètò kan láti túmọ̀ 180 àpilẹ̀kọ ìwádìí sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá sì wà lára wọn.

Èyí tó dára jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí tó wo iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Òòfà ń fa nǹkan, ìdí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń pe ibi tí agbára òòfà dé ní “pápá òòfà”, kìkì nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un àti fún ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. “Sàkáání òòfà” sàn jù: ohun tó bá wà ní sàkáání rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni orúkọ iṣẹ́ náà gan-an. “Ìtají ọpọlọ” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dábàá, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé ọpọlọ náà ti sùn tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gígún un ní kẹ́ṣẹ́: ẹṣin tí a gún ní kẹ́ṣẹ́, eré ló ń sá. Ohun tí ìwádìí fi hàn yàtọ̀ síyẹn. Bí òòfà TMS bá ń lù ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sábà máa ń dín ìtara apá ọpọlọ náà kù; bó bá ń lù ní ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń fi kún un. Ọ̀rọ̀ tó lè gbé méjèèjì ni “ìsún”. A lè sún nǹkan síwájú, a lè sún un sẹ́yìn, a sì máa ń bi ènìyàn pé kí ló sún un dé ìdí ohun tó ṣe. “Ìsún ọpọlọ láti òde agbárí” sọ ibi tí iṣẹ́ ti ń wá, ó sì ti jẹ́ kó yéni pé abẹ kò sí níbẹ̀. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo o, torí pé iṣu là ń sun.

“Iṣan” náà ń fẹ́ àfikún. Ẹran ara tó ń fà ni, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára ni. “Iṣan ajíṣẹ́” yóò ya ìkẹ́yìn yìí sọ́tọ̀, torí pé iṣẹ́ ló ń jẹ́ láti ara sí ọpọlọ àti láti ọpọlọ sí ara.

Níbi orí, Yorùbá kò tòṣì rárá. Ní 1958, Herbert Jasper gbé àtẹ kan jáde tó fi lẹ́tà àti nọ́ńbà sàmì sí ojú ibi tí wọ́n ń lẹ nǹkan mọ́ lórí, òun sì ni àwọn olùwádìí ṣì ń tẹ̀ lé. Ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun ti ní orúkọ fún ibẹ̀ láìka lẹ́tà kankan: iwájú orí, àwùjẹ̀, àtàrí, ẹ̀bátí, ìpàkọ́. Bí wọ́n bá gbé kọ́ìlì sí ìpàkọ́, ìmọ́lẹ̀ lè máa kọ mànà lójú ẹni tó dijú. Apá òsì iwájú orí ni wọ́n sábà ń gbé e sí fún ìbànújẹ́ ọkàn tí oògùn kò ràn, ìtọ́jú tí ìjọba Amẹ́ríkà fàṣẹ sí ní 2008.

Ìwádìí tó yanjú tún gbọ́dọ̀ ní àwọn tí wọ́n kàn fara wé iṣẹ́ náà fún. Nínú tDCS, iná á gòkè díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á sì pa á. Awọ ara ti gbọ́, ọpọlọ kò rí nǹkan gbà. “Ayédèrú” kò yẹ ẹ́, torí pé ẹ̀sùn jìbìtì wà nínú rẹ̀. “Ìsún àfarawé” kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Kí olùkópa tó fọwọ́ síwèé, ó yẹ kó mọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí Andre Brunoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí tDCS jọ ní 2011, nínú àwọn tó gba iná gidi, ara yíyún ni wọ́n ròyìn jù, ní ìdá 39.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín awọ tó ń yúnni, èyí tó ń tani bí ata, àti èyí tó ń jóni. Ìwé ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ bèèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé èyí tó ń jóni ló lè fi hàn pé fóòmù ti gbẹ.

Irun náà wà lára iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ́tí sí iná ọpọlọ fún irun tó nà gbọọrọ, èyí sì ti lé àwọn adúláwọ̀ kúrò nínú ìwádìí. Ní 2020, Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon fi irin-iṣẹ́ kan hàn tó ń há sáàárín irun dídì, ní ojú ilà tí onídìrí là. Orúkọ irun ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtọ́sọ́nà. Àtàrí ni ṣùkú ń parí sí, ó sì bo ojú ibi tí wọ́n fẹ́ lò gan-an. Kọ̀lẹ́sẹ̀ ń gba iwájú orí lọ sí ọrùn, ó ń fi ilà sílẹ̀ gbangba. Obìnrin tó bá fẹ́ ti Thomas Estate lọ kópa lè ní kí onídìrí rẹ̀ bá òun di kọ̀lẹ́sẹ̀, kó má fi píìnì irin sí i, kó sì jẹ́ kí ilà àárín fẹ̀ díẹ̀.