Ìlú Inú Kọ̀ǹpútà Àti Ọ̀nà Tí Àrùn Ìbálòpọ̀ Ń Gbà Tàn

Ní ọdún 1978, iye ìgbà tí wọ́n fi àtọ̀sí tó ìjọba Amẹ́ríkà létí lé ní mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe pé oògùn kò sí. Ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àrùn náà kò kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Herbert Hethcote àti James Yorke, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984: àwọn ènìyàn díẹ̀ tí olólùfẹ́ wọn pọ̀ ni ó ń gbé àrùn náà ró. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ tí a ń tọ́jú àwọn yòókù, omi ọkọ̀ tó ń jò ni à ń gbọ́n.

Nígbà tí HIV dé, ìbéèrè mìíràn yọjú: ṣé iye olólùfẹ́ nìkan ló ṣe pàtàkì? A kò lè fi ènìyàn dán irú èyí wò. Nítorí náà, Martina Morris, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti Mirjam Kretzschmar, onímọ̀ ìṣirò, dá ìlú kan sínú kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, ènìyàn ń fẹ́ra, wọ́n ń kọra sílẹ̀, kòkòrò sì ń ràn. Wọn kò fi kún iye àjọṣe tó wà nínú ìlú náà. Àsìkò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yí padà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997: bí ìdajì àjọṣe bá wọnú ara wọn, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àrùn náà yóò tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹnì kan sílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ òmíràn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọkùnrin tó ti kọ Àlàkẹ́ kó tó fẹ́ Àbẹ̀kẹ́ kò lè gbé àrùn Àbẹ̀kẹ́ padà fún Àlàkẹ́. Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì lè gbé e síwá sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe Ọ̀rúnmìlà. Ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Ní 2010, Larry Sawers àti Eileen Stillwaggon ta ko irú ìṣirò yìí, wọ́n ní ó jẹ́ kí àrùn ràn ju bí ó ti ń ràn lóòótọ́ lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Georges Reniers àti Susan Watkins fi hàn pé ní Áfíríkà, HIV kì í sábà pọ̀ níbi tí ìkóbìnrinjọ ti wọ́pọ̀. Ilé olórogún dà bí agbo tí a sé: bí ẹnikẹ́ni kò bá yọ́ jáde, àrùn kò rí ọ̀nà wọlé.