Ta Ló Lè Fọwọ́ Sí Ìwé Nítorí Ìka Ọmọdé?

Mo ní àbúrò kan ní Likosi tí ìka méjì kò sí lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ike gé e. Iṣẹ́ ojúmọ́ ló ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọlidé, kó lè fi rówó ra bàtà iléèwé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá wọn wá sílé pẹ̀lú owó nínú àpò ìwé àti bébà kan tí wọ́n tẹ̀ lédè Òyìnbó. Bàbá ọmọ yẹn ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Bàbá àgbà tẹ̀ka, wọ́n fowó náà san gbèsè ọsìbítù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ parí. Àbí, gbogbo wa ṣáà gbà pé ó ti parí. Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn kí n tó fojú ara mi rí bébà ọ̀hún. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: a ti gba owó, a ò ní béèrè òmíràn mọ́, a ò ní lọ sí kóòtù láéláé.

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun, mi ò kàwé lọ́yà. Ṣùgbọ́n "láéláé" yẹn ń yọ mí lẹ́nu. Ta ló sọ ọ́? Ọmọ tó ni ìka kọ́. Àgbà ló bá a sọ ọ́. Níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó kọ kóòdù kì í fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kó wọlé, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin náà ní irú ojú kejì bẹ́ẹ̀. Ó ní. Ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti ní in.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀ ná. Kí àgbà máa fi iṣẹ́ ọmọdé ṣe àdéhùn kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa. Nígbà ayé ìwọ̀fà, bàbá tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ yẹn bá ṣe, èlé ni. Kò dín ojú owó kù ní kọ́bọ̀. Yóò máa sìn títí bàbá rẹ̀ á fi rówó san. Ìjọba amúnisìn fòfin de ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀, pé ẹni tó ni ọmọ ló ni ẹnu ọmọ, kò bá a lọ. Èrò yẹn ló jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ tí wọ́n mú bébà wá.

Àwọn Òyìnbó tó gbé òfin wọn wá bá wa náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wá lọ níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1835, ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Charles Priestley ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alápatà kan, Fowler, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n di ẹran àgùntàn jọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ju bó ṣe yẹ lọ, kẹ̀kẹ́ já, itan Charles kán. Kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún, tó jẹ́ ọjọ́ orí àgbà lábẹ́ òfin wọn nígbà náà, nítorí náà bàbá rẹ̀ ló bá a pẹjọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ní kí Fowler san £100. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1837, àwọn adájọ́ yí ìdájọ́ yẹn dà. Lọ́ọ̀dù Abinger ní ìránṣẹ́ tó bá rí i pé iṣẹ́ léwu lè kọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà wo ọ̀rọ̀! Ọmọ tí òfin ò gbà kó dá pẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó yẹ kó gbójú sókè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò lọ.

Ohun tí ẹjọ́ yẹn dá sílẹ̀ lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa, ó ṣòro kó rí nǹkan kan gbà ní kóòtù, nítorí náà owó yòówù tí ọ̀gá bá fún un, àánú ni. Ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún kì í ná ọjà. Alágbàtọ́ á kàn fọwọ́ sí i ni.

Òfin ọdún 1897 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ wọn pé kí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gba owó gbà-má-bínú, kódà bí ọ̀gá ò bá jẹ̀bi. Àwọn iṣẹ́ kan péré ló kọ́kọ́ kàn, òfin ọdún 1906 sì mú un gbòòrò. Òfin ti 1906 yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí, torí ó ní ìlà kékeré kan tó jọ pé wọ́n kọ ọ́ fún pálọ̀ wa ní Likosi. Ó ní bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá jọ ṣàdéhùn lórí owó, kí wọ́n mú un wá fún akọ̀wé kóòtù kó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n torí ẹ̀ ṣàdéhùn, tàbí ẹlòmíràn tí òfin kà sí ẹni tí kò lè dá dúró, tí akọ̀wé sì rí i pé owó náà kéré jù, tàbí pé ẹ̀tàn tàbí ìfipámúni wà nínú ẹ̀, ó lè kọ̀ láti kọ ọ́, kó gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú adájọ́. Ojú kejì nìyẹn. Kò sọ pé ìyá tàbí bàbá burú. Ohun tó ń sọ ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó, torí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ lè jẹ́ ẹni tí dókítà ń dúró dè ní ẹnu ọ̀nà fún owó.

Nígbà tí irú òfin yìí dé Nàìjíríà lọ́dún 1941, ó gba kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kọ àdéhùn sílẹ̀, ó sì fún kóòtù lágbára láti fagi lé e bí owó náà bá kéré sí ohun tí òfin kọ, bí ẹni tó gbà á kò bá mọ bí ọgbẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó, tàbí bí wọ́n bá fi jìbìtì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òfin 1987 tó rọ́pò rẹ̀ gbé e bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Oṣù mẹ́ta! Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e fi hàn pé òfin yìí kì í ṣe eré, ó sì lè gé ẹni tó ń dáàbò bò. Lọ́dún 1967, ẹjọ́ Dietz àti ilé iṣẹ́ Lennig Chemicals dé Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà. Opó kan ló ń bèèrè owó fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kékeré nítorí ikú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò lórí iye owó, ó ku kí kóòtù fọwọ́ sí i nítorí ọmọ. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, opó náà lọ́kọ míràn, ilé iṣẹ́ sì ní àwọn ò san iye yẹn mọ́. Àwọn adájọ́ ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́: níwọ̀n ìgbà tí kóòtù kò bá tíì fọwọ́ sí i, kò sí àdéhùn kankan. Ó dunni, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ fún ọmọ, ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀gá náà.

Lọ́dún 2014, kóòtù tó ga jù ní Ìlú Ọba tún pàdé irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni, kì í ṣe ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló dáàbò bo àwọn méjèèjì. Alùpùpù gbá a lọ́dún 1999, orí rẹ̀ fara pa gan-an. Lọ́dún 2003 ó gba £12,500, wọ́n ní ó parí. Nígbà tí àwọn lọ́yà mìíràn wò ó, wọ́n rí i pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè ju mílíọ̀nù méjì pọ́ùn lọ, àti pé ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbé irú ìpinnu yẹn nígbà tó fọwọ́ sí i. Ọdún mọ́kànlá ti kọjá. Kóòtù ní nígbà tí adájọ́ kankan kò fọwọ́ sí àdéhùn náà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá kù sílé wa. Òfin Iṣẹ́ wa ní ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí kò sì tíì pé mẹ́rìndínlógún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kódà bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òfin yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ, pé kò sẹ́ni tó fipá mú un. Lọ́dún 2010 ni òfin mìíràn dé: àwọn ọ̀gá ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn sápò NSITF, ibẹ̀ ni owó gbà-má-bínú ti ń wá, tó fi dé orí ọmọ iṣẹ́ àti alágbàṣe. Òfin yẹn kan náà ní òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá ṣàdéhùn pé òun gbàgbé ẹ̀tọ́ òun. Bébà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òfo ni.

Ẹ tún gbólóhùn mẹ́ta yẹn kà, kẹ́ ẹ fi wé ìyẹn.

Ibi tó ti ń dà rú nìyí. Ọmọ tí òfin ní kò yẹ kó wà nídìí ẹ̀rọ, ọ̀gá wo ló máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó oṣù? Kò sí orúkọ, kò sí owó NSITF, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó fara pa àfi àwọn tó wà ní pálọ̀. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ó rò pé tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú torí pé òun ló jẹ́ kó lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Gbogbo ojú kejì tí mo ti ń kà bọ̀ látẹ̀yìnwá ń dúró dè kí ẹnì kan gbé bébà wá síwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìka méjì lásán ni. Ògìjo kò jìnnà sí wa, ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù kan náà ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination gbé e jáde pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àádọ́rin ènìyàn wò níbẹ̀, lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ òjé lára bátìrì ògbólógbòó àti àwọn tó ń gbé nítòsí. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé tó léwu wà lẹ́jẹ̀ wọn. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Òjé kì í gé ìka, ọpọlọ ọmọ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fowó pẹ̀tù sí i lọ́la, alágbàtọ́ ni wọ́n máa gbé bébà fún. Ta ni yóò bá ọmọ ọdún mẹ́rin ṣírò ohun tí orí rẹ̀ ìbá dà?

Àbúrò mi ti di géńdé báyìí. Fóònù ló ń tún ṣe ní Ṣágámù, ọwọ́ òsì ló fi ń di ìdè mú. Mo sọ gbogbo èyí fún un lọ́jọ́ Sátidé, mo ní lọ́yà kan tí mo mọ̀ fẹ́ rí bébà yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí bóyá bàbá àgbà máa ní láti wá sí kóòtù. Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ bá bàbá sọ̀rọ̀.