Ìjì Kì í Jà Kí Ó Gbé Ọlọ

Àwọn baba wa ní ìjì kì í jà kí ó gbé ọlọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fúùfù kì í fẹ́ kí ó gbé odó. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òwe yìí, tí ó wá kọjá ní Mósímì lẹ́bàá Ṣágámù, ìlú Akárìgbò, níbi tí a la ọ̀pá epo wá láti Atlas Cove ní Èkó, tí ó sì rí àwọn táǹkì ràgàjì tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ, yóò rò pé bí ìjì tilẹ̀ ká òrùlé gbogbo Ìjẹ̀bú, láti òde Awùjalẹ̀ títí dé Rẹ́mọ, irú àwọn wọ̀nyí ti bọ́ lọ́wọ́ Ọya. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi ni ọlọ fi borí ìjì. Òkúta ni láti òde dé inú, kò ní òfìfo kankan.

Táǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó fẹ̀ tó mítà 30, irin ara rẹ̀ níhà òkè lè má nípọn ju mìlímítà 6 lọ. Bí a bá fi nínípọn wé fífẹ̀, èèpo ẹyin adìẹ nípọn jù ú lọ fíìfíì. Nígbà tí epo bá kún inú rẹ̀, epo náà a máa ti irin síta, a sì gbà á dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fa epo náà gbẹ, tí òjò àkọ́rọ̀ sì gbé ìjì dé láti ìhà ìlà oòrùn, ojú tí táǹkì fi pàdé afẹ́fẹ́ a fẹ́ tẹ̀ wọnú, nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ń fa ẹ̀gbẹ́ wọ̀nyẹn síta. Bí eré afẹ́fẹ́ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí èyí ni àwọn ẹnjiníà ṣe ń de àmùrè irin mọ́ ọrùn táǹkì tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ọ̀ràn kan kù, òun ni ó sì jẹ mí lógún jù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, a sì máa ń rò pé táǹkì iwájú yóò gba ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín méjì a máa sáré sí i, a sì máa yọ lẹ́yìn wọn bí ààjà, kí ó máa lu ẹni ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Ní Ferrybridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé gogoro mẹ́jọ tí a fi ń mú omi gbígbóná tutù dúró pọ̀, kọnkéré ni wọ́n, róbótó, inú wọn ṣófo, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga tó mítà 114. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1965, ìjì wó mẹ́ta nínú wọn, àwọn tí ó wó kì í sì í ṣe àwọn tí ó kojú ìjì, bí kò ṣe àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Ẹyọ kan tí ó dá dúró ni wọ́n fi ṣe ìṣirò agbára afẹ́fẹ́. Wọn kò ṣe ìṣirò agbo.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ri táǹkì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀, ní Mósímì tàbí níbikíbi, kí ó má ṣe ìṣirò ti tuntun nìkan: ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ara àwọn ti àtijọ́ ti yí padà lọ́jọ́ tí tuntun dìde, àwọn ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò.