Ewé, Epo àti Abẹ́rẹ́: Ipò Oúnjẹ Nínú Ìtọ́jú Àrùn Jẹjẹrẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ mu púpọ̀, pàápàá ní ìlú Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí ewé àti epo kò ti ṣọ̀wọ́n. Epo pupa ni ó sọ odò ibẹ̀ di ojú ọjà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òwò epo ni Nana Olomu, olórí àwọn oníṣòwò Ìṣẹ̀kírì, fi di ọlọ́rọ̀. Òun náà ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi kọlu ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní ọdún 1894. Títí di òní, ẹyìn ni àwọn Urhobo àti Ìṣẹ̀kírì fi ń se ọbẹ̀ banga tí wọ́n fi ń jẹ usi, ewúro sì wà ní ẹ̀yìn ilé. Bí jẹjẹrẹ bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni aláìsàn máa ń rí níwájú rẹ̀: ọ̀kan lọ sí ilé ìwòsàn, èkejì lọ sí ìdí ewé. Ǹjẹ́ ènìyàn lè tọ méjèèjì pọ̀? Ìtàn ní ohun tí ó lè sọ sí i.

Ní àkọ́kọ́, kì í ṣe òtítọ́ pé ilé ìwòsàn kọ ewé sílẹ̀. Òdòdó kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn sí iwájú ilé nítorí ẹwà rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Catharanthus roseus. Ní erékùṣù Jamaica, àwọn ènìyàn a máa mu omi ewé rẹ̀ fún àrùn àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 1952, wọ́n fi ewé náà ránṣẹ́ sí Canada, níbi tí Robert Noble àti Charles Beer ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ṣe nǹkan kan sí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku, ṣùgbọ́n ó dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn kù. Láti ibẹ̀ ni oògùn vinblastine ti jáde ní ọdún 1958. Vincristine tẹ̀ lé e, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963. Ó wà lára oògùn tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, àti jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Uganda ní ọdún 1958. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbo ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Tọ́ọ̀nù ewé gbígbẹ kan kì í mú ju gíráàmù díẹ̀ péré jáde. Inú iṣan ni a ń gún un sí, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lé. Ẹni tí ó bá se ewé òdòdó yìí mu ní ilé lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ìtàn epo yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí ó fún epo ní àwọ̀ pupa ni àwọn èròjà tí à ń pè ní carotene. Ọ̀kan nínú wọn, beta-carotene, ni ara fi ń ṣe fítámì A. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í pọ̀ láàárín àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa. Wọ́n wá rò pé beta-carotene ni ó ń dáàbò bò wọ́n. Ní Finland, wọ́n kó 29,133 ọkùnrin amusìgá jọ, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní beta-carotene oníhóró. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó lò ó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí ìdá 28 ni tiwọn fi pọ̀ sí i. Ọbẹ̀ banga kò di májèlé nítorí èyí. Ohun tí ó fi hàn ni pé oúnjẹ inú ìkòkò yàtọ̀ sí èròjà kan ṣoṣo tí a yọ nínú rẹ̀, àti pé wíwá láti ara oúnjẹ nìkan kò tó ẹ̀rí pé nǹkan kò lè pani lára.

Ti ewúro ni ó sún mọ́ Warri jù. Ní ọdún 2003, Ernest Izevbigie ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Jackson ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ewúro tí a ń jẹ ní ìlú Benin. Ó rí àwọn èròjà kan nínú omi ewúro, ó pè wọ́n ní edotides, wọ́n sì dá ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn dúró nínú àwo àyẹ̀wò. Ohun ìwúrí ni èyí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í ṣe obìnrin tí ó ní ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ tí ń sàn lára. Láti inú àwo dé ara ènìyàn, ọ̀nà jìn, ọ̀pọ̀ ohun tí ó pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo ni kò dé ibẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú fífi ilé ìwòsàn sílẹ̀ fara hàn nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Yale tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n wo 281 ènìyàn tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì ràn káàkiri ara, ṣùgbọ́n tí wọ́n yan ìtọ́jú mìíràn dípò ti ilé ìwòsàn. Ewu ikú wọn tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ti jẹjẹrẹ ọyàn lé ní ìlọ́po márùn-ún.

Kí ni iṣẹ́ oúnjẹ nígbà náà? Iṣẹ́ ńlá ni. Oògùn jẹjẹrẹ a máa kó èébì bá ènìyàn, a máa mú ẹnu korò, a sì máa lé ebi lọ. Aláìsàn tí ó bá rù jù lè má lè fara da ìtọ́jú náà. Wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Nígbà tí ará Warri bá wà lórí ibùsùn ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Benin, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1973, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ọbẹ̀ tí kò ta, tí ẹbí gbé wá díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, wà lára ohun tí yóò mú un dé òpin ìtọ́jú. Bí ó bá sì ń mu àgbo, ó yẹ kí dókítà mọ̀, nítorí àwọn ewé kan a máa di ẹrù lé ẹ̀dọ̀ lórí, wọ́n a sì máa yí agbára oògùn padà. Dókítà pẹ̀lú ní láti fi sùúrù béèrè, nítorí aláìsàn tí a bá bú yóò fi ìgò rẹ̀ pamọ́.

Òtítọ́ ni òwe àwọn àgbà. Ewé tí ó máa ń kù nínú oògùn ilé ìwòsàn ni oúnjẹ àti ìfinúhan. Ewé tí ó kù nínú àgbo ni ìwọ̀n àti ẹ̀rí. Títí a ó fi rí i já, kí aláìsàn má ṣe fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.