Ilé Ìsádi Ṣáájú Òfin: Àwọn Ẹgbẹ́ Aráàlú àti Ìwà Ipá sí Obìnrin ní Nàìjíríà, 1999–2015

Ìfáàrà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lu òfin tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, èyí tí a mọ̀ sí VAPP. Ó rọrùn láti fi ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn ọdún tẹ̀lé ara wọn, ohun mìíràn ni yóò hàn: ilé ni ó kọ́kọ́ dé, òfin ni ó tẹ̀lé e. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin tí ọkọ lù kí àwọn aṣòfin tó fún irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtòtẹ̀léra yìí ṣàlàyé agbára òfin náà, ó sì tún ṣàlàyé ibi tí ó kù sí.

Ilémosú àti ilé ẹbí

Ilé ìsádi kì í ṣe èrò àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Obìnrin tí ojú rẹ̀ rí màbo nílé ọkọ a máa padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ilémosú ni wọ́n ń pè é. Agbo ilé a gbà á, àwọn àgbà a sì pe ọkọ àti ẹbí rẹ̀ wá sọ tẹnu wọn. Ààbò ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò dùn ún jẹ́, ohun tí àwọn àgbà sì sábà máa ń wá ni bí ìyàwó yóò ṣe padà. “Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́” ni wọn yóò fi sìn ín sọ́nà. Bí ẹbí bá sì jìnnà, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó bá ọkọ lọ sí ìlú ńlá, ilẹ̀kùn yẹn kò sí ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ mọ́.

Ohun tí òfin àtijọ́ wí

Ìwé òfin kò ràn án lọ́wọ́. Ní àríwá, abala 55 nínú Penal Code gba ọkọ láàyè láti bá ìyàwó rẹ̀ wí, níwọ̀n bí àṣà wọn bá ti fàyè gbà á tí kò sì ṣe é léṣe gidigidi. Ní gúúsù, Criminal Code yọ tọkọtaya kúrò nínú ìtumọ̀ ìbálòpọ̀ tí kò bófin mu. Nítorí náà, a kò lè dá ọkọ lẹ́bi pé ó fi ipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀. Abala 353 nínú ìwé kan náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi ìwà ìbàjẹ́ kan ọkùnrin lára. Abala 360 fi ọdún 2 péré lélẹ̀ bí ó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe é sí. Ìwà ipá inú ilé kò sì ní abala tirẹ̀ rárá.

Ilé kọ́kọ́ dé

Lẹ́yìn àpérò àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó wáyé ní Beijing ní 1995, àwọn ẹgbẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n dá BAOBAB sílẹ̀ ní 1996. Ní 1999, ọdún tí ìjọba alágbádá padà, Josephine Effah-Chukwuma dá Project Alert sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún kan náà ni WRAPA bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Ní 2001, Project Alert ṣí Sophia's Place, ilé ìsádi fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń hùwà ipá sí.

Iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ju ibùsùn àti oúnjẹ lọ. Obìnrin tí ó bá dé pẹ̀lú ọmọ nílò dókítà tí yóò kọ ohun tí ó rí, ọlọ́pàá tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ láìsọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, àti agbẹjọ́rò tí kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé e láti ọ́fíìsì kan dé èkejì ni yóò kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin ti já. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọdún 2001 kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ para pọ̀ di LACVAW láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀.

Ìrìn ọdún mẹ́tàlá

Ní 2002 ni àbádòfin kọ́kọ́ dé iwájú ilé aṣòfin àpapọ̀. “Ìwà ipá sí obìnrin” ni ó wà lórí rẹ̀. “Ìwà ipá sí ènìyàn” ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyípadà yìí ní èrè àti àdánù. Ó dáàbò bo ọkùnrin àti ọmọdé náà, ó sì gba ohùn lẹ́nu àwọn tí ó ń sọ pé obìnrin nìkan ni òfin náà ń gbè. Ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí ìyà náà ń jẹ jù lọ pamọ́ sábẹ́ orúkọ tí ó kan gbogbo ènìyàn.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò dúró. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá abẹ́lé ní 2007. Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, nígbà tí Kayode Fayemi jẹ́ gómìnà. Ìyàwó rẹ̀, Bisi Adeleye-Fayemi, tí ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ni ó ṣíwájú ìpolongo náà. Ní 2013, Itoro Eze-Anaba àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí Mirabel Centre ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkejà, fún ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀. Ilé tún ṣáájú òfin lẹ́ẹ̀kan sí i: ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbádòfin náà ní oṣù Kẹta 2013, ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni àwọn aṣòfin àgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin náà kò yọ ọkọ sílẹ̀ nínú ìtumọ̀ ìfipábánilòpọ̀. Ó fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀. Lílé ẹnìkejì jáde kúrò nílé, dídá abẹ́ fún obìnrin àti fífi ìyà jẹ opó di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní abala tirẹ̀. Ó tún gba àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú, títí kan àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, láàyè láti bá ẹni tí ìyà jẹ tọrọ àṣẹ ààbò nílé ẹjọ́. Àpẹẹrẹ ilé ìsádi hàn gbangba nínú abala yìí.

Àgbálọgbábọ̀

Àbújá nìkan ni òfin náà ti múlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti gbà á wọlé. Ògùn ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017, ọ̀pọ̀ mìíràn sì dúró títí di ẹ̀yìn oṣù Kẹfà 2020, nígbà tí àwọn gómìnà kéde pé ọ̀rọ̀ ìwà ipá sí obìnrin ti di pàjáwìrì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka iye ìpínlẹ̀ tí ó ní òfin gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ìlọsíwájú.

Ìtàn yìí fi hàn pé òṣùwọ̀n náà kò tó. Àṣẹ ààbò tí ilé ẹjọ́ fún obìnrin kò ní ibùsùn nínú. Bí kò bá sí ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ó gbà á, ilé ọkọ náà ni yóò padà sí, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1999 mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè wá ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìyókù ìtàn náà yóò ní láti ka iye ilẹ̀kùn tí ó ṣí, kí ó tó ka iye òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù.